Irinṣẹ́ Kẹtàdínlógún

Yàrá tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ wà ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn náà, lábẹ́ tíátà gan-an. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, fèrèsé ọ̀hún sì kọjú sí ògiri. Ibẹ̀ ni obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti lo ọdún mẹ́rìnlá. Ohun tí àwọn dókítà bá lò tán lókè, ì báà ṣe ẹ̀mú, ì báà ṣe sísọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ wá tòun tẹ̀jẹ̀ lára. Yóò fọ̀ ọ́, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò ju ti ìfọyín lọ ha gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, yóò tò ó sínú àwo onírin, yóò fi aṣọ dì í, yóò sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n kó tó fi aṣọ dì í, yóò ka irinṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò wo bébà tí wọ́n kọ iye wọn sí, yóò wá ké tòò bí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún ọba pé, "Ó pé!" Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ níbẹ̀ ju ògiri lọ.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-pé nìyẹn. Mátírọ̀nì, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì tíátà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn agbálẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà náà ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. "Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú àwo mi," ló máa ń wí fún wọn lókè, "ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ojú yín wò ná." Ẹni tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, kó máa rọra sọ ọ́.

Ó tún ní bó ṣe ń ká aṣọ àwo. Igun tó kẹ́yìn a yọ ṣóńṣó síta bí ẹnu ẹyẹ, kí ẹni tí yóò tú u lè fi ọmọ ìka méjì mú un. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ká a bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì, obìnrin tí wọ́n jọ wà nínú yàrá náà, ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí ọjọ́ kan tí Ó-pé kì í tú àwo Ìyá Ìbejì wò.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ogun ló ń lé ọ, tí o fi dì í bí ẹrù ẹni tó ń sá?"

"Àǹtí, ṣé ó dín ni?"

"Kò dín. Ojú ẹ̀ ni kò gún."

Ká sòótọ́, ojú rẹ̀ gún. Ohun tí kò gún ni pé orúkọ ọmọ méjì ni wọ́n fi ń pe ọ̀kan, orúkọ irin ni wọ́n fi ń pe èkejì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jí láàárọ̀ kùtùkùtù, tí yóò wẹ̀, tí yóò kunra, kó wá sọ irú ìyẹn fún ara rẹ̀ nínú dígí?

Ọdún kọkànlá rèé tí Ó-pé ti wọlé ọkọ, oyún kò tíì yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì. Wọ́n ti yẹ ọkọ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Wọ́n yẹ òun náà wò. Wọ́n ta omi kan sí i nílé ọmọ, wọ́n fi ẹ̀rọ ya fọ́tò rẹ̀. Omi náà dé ẹnu ọ̀pá méjèèjì tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ, ó sì dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún. Wọ́n ní ó kù kí wọ́n wo inú fúnra rẹ̀, kí wọ́n mọ ohun tó dí ọ̀nà, bóyá yóò ṣeé tú, bóyá kò ní ṣeé tú.

Ibi tó ti pani lẹ́rìn-ín ni pé, bí a bá yọ àwọn dókítà kúrò, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ abẹ náà tó Ó-pé. Òun ló ń di àwo rẹ̀. Ó mọ̀ pé ihò kékeré mẹ́ta ni wọ́n ń lu sí ikùn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, méjì nísàlẹ̀. Wọn a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn náà títí yóò fi wú bíi bọ́ọ̀lù, kí ààyè lè gba ojú. Wọn a ti awò tẹ́ẹ́rẹ́ oníná bọ inú ihò kan, ẹ̀mú gígùn àti sísọ́ọ̀sì a gba inú àwọn tó kù. Ẹlòmíràn a ta aró búlúù láti ìsàlẹ̀ sínú ilé ọmọ. Bí aró bá kán lẹ́nu ọ̀pá lọ́hùn-ún, ọ̀nà là. Bí kò bá kán, ọ̀nà dí. Fún ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń sọ fún àwọn obìnrin tó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà tíátà pé: "Kí lẹ̀ ń sunkún sí? Ẹ ó sùn, ẹ ó jí. Ihò tí kòkòrò ń jẹ sára aṣọ tóbi ju èyí lọ."

Nígbà tó kan òun, ẹnu rẹ̀ yí padà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá fún un, ó ní ẹ̀rọ ooru ń jò, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ikọ́ ń ṣe òun, wọn kì í sì í kun oníkọ́ lóorun. Ó wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè títí Mátírọ̀nì fi dúró tì í, tó ní kó mu ìgò oògùn kan tán lójú òun. Ó mu ún. Ẹnu rẹ̀ korò fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní àbúrò ìyá ọkọ òun kú lọ́nà jíjìn.

Kì í ṣe abẹ ló ń bà á lẹ́rù. Ohun àkọ́kọ́ ni pé àwọn tí yóò rí ìhòòhò rẹ̀ ni àwọn tí òun ń bá jà lójoojúmọ́ nítorí àwo tí wọ́n fi sílẹ̀ láìfomi ṣàn. Èkejì ló wúwo. Bí ilẹ̀kùn bá ṣì wà ní títì, èèyàn lè máa rò pé nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, tí wọ́n bá ògiri, kí ni yóò máa rò mọ́?

Òkú tí kò sí yẹn ló tú u fó. Wọ́n pe káfíńtà wá tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣe ní tíátà. Mátírọ̀nì rí i, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Káfíńtà. A gbọ́ nípa àbúrò ìyá yín."

Káfíńtà mọ ìyàwó rẹ̀. Ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó tẹríba. "Ẹ ṣeun, Mà. Ikú dóró."

Ó kan ilẹ̀kùn náà tán, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìfọ̀, ó sì jókòó sórí báfù tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀.

"Ó-pé, ta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin?"

Búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ obìnrin náà dúró lára irin. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mo ti ń rọra. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í pariwo. Ìyá mi nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ibo lo ti rí àbúrò tí o pa?"

"Mi ò pa á. Mo kàn ní ó kú ni."

"O ṣe é. Ó kéré tán, kò jìyà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Wò mí. Nígbà tí wọ́n yẹ tèmi wò, wọ́n fún mi ní ife pẹ́ńpẹ́, wọ́n ní kí n wọ yàrá kan lọ. Ilẹ̀kùn yàrá ọ̀hún kò tì. Èmi tí mò ń kan ilẹ̀kùn jẹun! Mo fẹ̀yìn tì í, mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Ṣé ojú kò tì mí ni? Ọmọ bá wá, a ó gbé e. Kò bá wá, a ó mọ̀, a ó sì mọ bí a ó ṣe gbé ayé wa. Èyí tí mi ò lè gbé mọ́ ni kí n máa jí lójoojúmọ́ kí n má mọ èwo ni."

Ó-pé fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló gòkè lọ forúkọ sílẹ̀, kò wúkọ́.

Dókítà tí yóò ṣe é kéré lọ́jọ́ orí, ó sì kúrú. Orí àpótí ló máa ń dúró sí bó bá ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Dókítà Àpótí. Ó bi Ó-pé bóyá wọ́n ti là á níkùn rí.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, Dókítà. Àpẹ́ńdíìsì ló bẹ́ sí mi nínú."

"Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, Àǹtí. Inú tí ọyún bá ti kún rí, ẹran ara a máa lẹ̀ mọ́ra nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bó bá ṣeé tú, màá tú u."

"Bí kò bá ṣeé tú ńkọ́?"

"Màá sọ fún yín. Mi ò ní fi pamọ́."

Òfin méjì wà lára ògiri yàrá ìfọ̀, Ó-pé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Àkọ́kọ́: èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ ka àwo kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tó bá parí. Èkejì: òṣìṣẹ́ tí wọn ó ṣiṣẹ́ abẹ fún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwo ara rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, Ìyá Ìbejì ló wá di àwo náà. Ó ka irinṣẹ́ mẹ́rìndínlógún, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí bébà, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ooru, ó sì gòkè lọ kó aṣọ.

Ó-pé wà lórí ibùsùn ní wọ́ọ̀dù ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n ti wọ aṣọ aláìsàn fún un. Ṣé ẹ rò pé ó sùn? Ó ń rí àwo náà lójú inú: bí wọ́n ṣe dì í, igun tí kò yọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yíjú, ó ti ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn aṣọ mú kó má bàa là, ó sì gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ bí olè.

Ó tú àwo. Ó kà á. Mẹ́rìndínlógún, ó mọ́ tónítóní, kò sí ohun tí èèyàn lè sọ sí i. Èyí bí i nínú ju kó dín lọ. Ó wá rí ẹ̀mú gígùn, èyí tó ti gbó, tí ẹnu rẹ̀ le díẹ̀ bó bá ń pa dé. "Ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi wọ inú mi?" Ó mú tuntun jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọ̀ ọ́ nífọ̀ tí wọn kì í fọ nǹkan mọ́, ó tẹ́ ẹ sáàárín àwọn tó kù. Bó ṣe ní kó yọ èyí tó gbó, ó gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì lórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ rẹ̀ ká aṣọ náà fúnra rẹ̀, kíákíá, igun yọ bí ẹnu ẹyẹ. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti wí pé, "Ó pé." Kò kà á.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ pátá tuntun. Òun tó ti rí ẹgbẹ̀rún obìnrin tí wọ́n bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ó lọ ra tuntun, olódòdó. Wọ́n bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà tíátà. Ọkùnrin tó ń ti ibùsùn, tí wọ́n ti ń bára wọn ṣọ̀tá láti ọdún kẹta nítorí àwo kan, tẹjú mọ́ òrùlé, ó ní, "Ó-pé, wàá dára." Ìyẹn ló fẹ́ẹ̀ pa á lẹ́kún. Dókítà akunilóorun wá ní kó máa kà láti orí ẹ̀wá bọ̀ wálẹ̀. Òun, Ó-pé, akà-irinṣẹ́! Ó dé orí méje.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ. Nígbà tó lajú, ikùn rẹ̀ wú, èjìká rẹ̀ ń ro ó nítorí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, Dókítà Àpótí sì dúró tì í láìsí àpótí lábẹ́ ẹsẹ̀.

"Dókítà, ṣé aró kán?"

"Ó kán, Àǹtí. Ti òsì. Ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí ilé aláǹtakùn, mo gé e díẹ̀díẹ̀, ó tú. Aró búlúù jáde bí ẹni tó ti ń kánjú tẹ́lẹ̀. Ti ọ̀tún dí pátápátá, mi ò fipá mú un. Mo ti awò gba ìsàlẹ̀ wo inú ilé ọmọ náà, ó mọ́."

Ó-pé fi aṣọ bo ojú. Dókítà jẹ́ kó ṣe é tán.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀kan tó láti fi lóyún. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a tú, oyún lè jókòó sínú ẹ̀ dípò kó wọlé, ìyẹn léwu púpọ̀. Tí nǹkan oṣù bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, ẹ má wúkọ́, ẹ má sìnkú. Ẹ wá bá mi, kí n wo ibi tó jókòó sí."

"Màá wá."

"Ó dáa. Mátírọ̀nì ní ọ̀rọ̀ kan."

Mátírọ̀nì wọlé, Ìyá Ìbejì tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ pọ́n. Mátírọ̀nì gbé ẹ̀mú kan lọ́wọ́, ó nà án síta bí ẹni tó ń fi ọmọ han ìyá rẹ̀.

"Ó-pé, o wọlé pẹ̀lú irinṣẹ́ mẹ́rìndínlógún. O jáde pẹ̀lú mẹ́tàdínlógún. Mo ti pẹ́ nínú tíátà yìí, mi ò rí obìnrin tó bímọ lórí tábìlì kí wọ́n tó tú ọ̀nà ẹ̀ tán rí. Akọ ni. Irin ni, ṣùgbọ́n akọ ni."

Ó-pé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ibi tí wọ́n rán fà á, ó di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ló rí i pé Mátírọ̀nì kò rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tó ṣí àwo náà rí igun ẹnu ẹyẹ, ó ní, "Àwo Ó-pé nìyí, kí la tún ń ka ìyẹn sí?" Ó kọ mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ láìkà. Nígbà tí wọ́n kà á lẹ́yìn iṣẹ́, ó lé ọ̀kan. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Dókítà Àpótí ní bébà tó lè fi ọ̀kan ṣìnà lè fi méjì ṣìnà, òun kò ní rán ikùn ẹnikẹ́ni lórí "bóyá". Ní wọ́n bá ti ẹ̀rọ fọ́tò wọ tíátà, wọ́n ya inú Ó-pé láti mọ̀ bóyá irin kù síbẹ̀. Ó fi ìṣẹ́jú márùndínlógójì sùn ju bó ṣe yẹ lọ. Orúkọ Ìyá Ìbejì ló wà lórí bébà, òun ló sì gbé àwo náà sínú ẹ̀rọ láìwo igun rẹ̀, òun ni wọ́n pè. Wọ́n ti ń kọ ìwé ẹ̀sùn sí i.

"Mo sọ fún wọn pé mi ò kì í ká aṣọ báyìí," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ọdún mẹ́sàn-án lẹ ti ń bú mi pé mi ò mọ̀ ọ́n ká. Àìmọ̀ọ́nká yẹn ló gbà mí lónìí, Àǹtí. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n, wọn ì bá ti lé mi."

 Ó-pé lè sọ pé oògùn oorun ṣì wà lójú òun. Ó kúkú mọ̀ ọ́n ṣe, ó ti pa èèyàn tí kò sí rí.

"Èmi ni," ló wí. "Àwo rẹ̀ pé. Mo tú u, mo fi tuntun kún un, mi ò yọ èyí tó gbó, mi ò kà á. Mátírọ̀nì, ẹ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, kí ẹ kọ tèmi." Ó yíjú sí Ìyá Ìbejì. "Mo bẹ̀ ọ́. Kì í ṣe àwo rẹ ni mò ń bú láti ọjọ́ yìí."

Ìyá Ìbejì bu omi sínú ife. "Mo mọ̀," ló wí. Ó gbé omi fún un mu.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn kò jẹ́ kó dá kọ orúkọ sí bébà mọ́. Ìyá Ìbejì ló ń kà á tẹ̀ lé e, àwo kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rọra kà á, bí ẹni tó ń jẹ ẹran tó dùn. Ẹnì kan fi òwú so ògbólógbòó ẹ̀mú náà kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin méjèèjì, wọ́n kọ "Ọmọ Ó-pé" sí i lábẹ́. Kò yọ ọ́. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, tó bá béèrè, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà fún un, kì í sì í fo ti pátá olódòdó.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ó dúró níwájú kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ìka ka ọjọ́ láti ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti wá kẹ́yìn. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni tirẹ̀ máa ń jẹ́, kì í yẹ̀. Ó kà á, ó jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Ó tún un kà, ó jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò tíì ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó má dọ́gba. 

"Ìyá Ìbejì."

"Àǹtí."

"Wá bá mi ka nǹkan."

Ìyá Ìbejì nu ọwọ́, ó wá. Kò béèrè ohun tí wọ́n ń kà. Ó gbé ìka lé ibi tí Ó-pé fi hàn án, ó ń lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Mẹ́tàdínlógójì."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ṣé ẹ tún fẹ́ tú u wò ni?"

"Rárá." Ó fa bébà kan yọ, ó kọ iye náà sí i, ó tì í sí Ìyá Ìbejì. "Kọ orúkọ rẹ sí i."

Ìyá Ìbejì kọ ọ́. Ó-pé kọ tirẹ̀ sábẹ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ká bébà náà sínú àpò, ó dojú kọ àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá Dókítà Àpótí. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì mọ̀ bóyá ibi tó yẹ ló jókòó sí, tàbí ibi tí kò yẹ, tàbí kò tilẹ̀ sí níbì kankan. Ṣùgbọ́n kò wúkọ́, kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ó ti dé àárín àtẹ̀gùn kí Ìyá Ìbejì tó ké sí i láti ìsàlẹ̀.

"Àǹtí! Bí wọ́n bá bi mí, kí ni kí n wí? Ó pé?"

Ó-pé dúró, ó di irin àtẹ̀gùn mú.

"Sọ fún wọn pé ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án lé," ló ké wálẹ̀. "Sọ fún wọn pé èèyàn méjì ló kà á."